Mo overclock prósẹ́sọ̀ mi, mọ́nítọ̀ wá dúdú: ẹ gbà mí o

WáyàÀgọ́, Abẹ́òkúta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò ni mo gbé wá síwájú yín. Ryzen 5 5600X ló wà nínú rẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù B550, RAM DDR4 16GB méjì tí wọ́n kọ 3600 sí lára, power supply 650W, àti kúlà gíga kan tó ní fáànù kan. Fídíò ìgbéyàwó ni mo fi ń ṣe. Mo tan XMP (ètò tó ń mú RAM sá dé eré tí wọ́n kọ sí i lára), mo sì overclock prósẹ́sọ̀, ìyẹn ni pé mo mú un sá ju eré tí ilé iṣẹ́ fún un lọ: mo gbé gbogbo core (àwọn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) sí 4.7 GHz lórí 1.35V lọ́jọ́ kan náà. Cinebench, ètò tí a fi ń dán prósẹ́sọ̀ wò, sáré parí, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń render fídíò gígùn (kí kọ̀ǹpútà sọ iṣẹ́ tí mo gé tò di fídíò kan), ojú búlúù á kàn dédé yọ, tàbí kó tún ara rẹ̀ tàn. Mo rò pé fóltéèjì ni kò tó, mo bá gbé e sí 4.8 lórí 1.4V. Láti ìgbà yẹn, fáànù ń yí, iná inú rẹ̀ ń tàn, mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Iná pupa kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ DRAM sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kú. Ṣé mo ti sun prósẹ́sọ̀ náà ni? Oníbàárà wà lọ́rùn mi o.

Ọ̀gá_Jọ́ńpà, Ìkẹjà
Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Prósẹ́sọ̀ yìí fúnra rẹ̀ máa ń gba fóltéèjì tó ju 1.4V lọ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí core kan ṣoṣo bá ń sáré, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ run ni kí gbogbo core jọ máa mu fóltéèjì gíga nínú iṣẹ́ líle, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tìrẹ ò tíì débẹ̀.

Bọ́ọ̀dù rẹ ló ṣì ń rántí ohun tí o kọ sínú BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń tan kọ̀ǹpútà), ohun náà ló sì fẹ́ fi tan ní gbogbo ìgbà. Mú un gbàgbé. Pa á, pa bọ́tìnì tó wà lẹ́yìn power supply, yọ wáyà iná lára ògiri, kí o wá tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè gbẹ. Wá pínnì méjì tí wọ́n kọ CLRTC, JBAT1 tàbí CLR_CMOS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ yẹn yàtọ̀ láti bọ́ọ̀dù sí bọ́ọ̀dù, ìwé tó bá a wá ló máa sọ ibi tó wà. Fi orí screwdriver kan méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Méjì yẹn nìkan o! Pínnì USB àti ti fáànù sábà máa ń wà nítòsí ibẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ ìtàn. Bí o ò bá rí i, yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032, kó wà níta fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Abẹ́ káàdì fídíò ni bátìrì yẹn sá sí lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, o lè ní láti kọ́kọ́ yọ káàdì náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi RAM kan ṣoṣo sílẹ̀, ihò kejì láti ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀ ni kí o kì í sí. Tan án, kí o sì ní sùúrù. Ó lè tan kó tún pa fúnra rẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. RAM ló ń dán wò. Má fa wáyà yọ.

Títí_Ẹ́díìtì, Èkó
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Jọ́ńpà. Mo fẹ́ fi kan kún un. 5600X kò ní ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú ara rẹ̀. Tí o bá yọ káàdì fídíò tí o tún dá a padà, rí i pé ara káàdì ni wáyà mọ́nítọ̀ wà, kì í ṣe ihò HDMI tó wà lára bọ́ọ̀dù. Àwọn tí ìyẹn ti pa lẹ́kún pọ̀. Tún fọwọ́ ti wáyà onípínnì mẹ́jọ tó wọ òkè bọ́ọ̀dù lápá òsì, òun ló ń gbé iná fún prósẹ́sọ̀. Ó máa ń tú díẹ̀ tí ọwọ́ bá ti ń wọ inú àpótí lemọ́lemọ́.

WáyàÀgọ́
Ọ̀nà yín ò ní dí o! Ó ti tan. Abẹ́ káàdì fídíò ni bátìrì náà wà lóòótọ́. Mo ti dá RAM kejì padà, ó ṣì ń tan. Ṣé kí n wá gbé e padà sí 4.7, kí n fún un ní 1.375V?

Ọ̀gá_Jọ́ńpà
Rárá o! Ta ló ń lé ọ? Fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, XMP pẹ̀lú, kí o wá render irú iṣẹ́ tó ń pa á tẹ́lẹ̀. Tó bá tún kú báyìí, kì í ṣe overclock ni ká máa bá wí. Tún aago BIOS ṣe pẹ̀lú, torí ó ti padà sí ọdún àtijọ́, browser á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọ pé wẹ́ẹ̀bù gbogbo ayé kò ṣeé fọkàn tán.

ỌmọÒṣogbo
Ká tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ jẹ́ ká bi í bó ṣe ń kú, torí ikú ò dọ́gba. Tó bá pa fiin bíi pé ẹnì kan yọ wáyà lára ògiri, tí ojú búlúù kankan ò yọ, power supply tàbí iná ilé ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ ojú búlúù tó kọ WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR tàbí CLOCK_WATCHDOG_TIMEOUT, ó sábà máa ń jẹ́ pé fóltéèjì tí prósẹ́sọ̀ rí gbà kò tó eré tí wọ́n ní kó sá. Tó bá jẹ́ MEMORY_MANAGEMENT, tàbí tí ojú búlúù ń yí orúkọ padà lójoojúmọ́, tàbí tí fáìlì zip tó dáa lánàá ń sọ pé òun ti bàjẹ́, wo RAM. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀ o. RAM tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ lè kó ẹ̀bi bá prósẹ́sọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣí Event Viewer nínú Windows, wọ Windows Logs, wọ System. Kernel-Power 41 tí gbogbo èèyàn máa ń ya àwòrán rẹ̀ wá síbí, kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà lọ láìdágbére. WHEA-Logger, tó ń kọ àṣìṣe ara ẹ̀rọ sílẹ̀, ni kí o wá. Event 18 rẹ̀ máa ń kọ APIC ID (nọ́ńbà tí a fi ń dá core mọ̀) sílẹ̀, ibẹ̀ lo ti máa mọ core tó ń ṣẹ̀.

WáyàÀgọ́
Mo ti wò ó, ẹ̀gbọ́n. WHEA-Logger 18 pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣáájú ọjọ́ tí mo gbé e sí 4.7. APIC ID 4 tàbí 5 ló ń sọ ṣáá. Ti ojú búlúù, WHEA wà níbẹ̀, MEMORY_MANAGEMENT wà níbẹ̀, ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IRQL náà wà. Báyìí tí BIOS wà ní default, mo render ìgbéyàwó kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárọ̀ yìí, kò sí wàhálà kankan.

ỌmọÒṣogbo
Ó dáa bẹ́ẹ̀. 4 àti 5, core kan náà ni wọ́n, torí core kọ̀ọ̀kan ní ID méjì. Láti 0 la ti ń kà á, nítorí náà core 2 ni. Fi í sọ́kàn, a máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú búlúù tó ń pààrọ̀ orúkọ yẹn, mi ò fọkàn tán RAM rẹ rárá. Ohun tí AMD kọ sílẹ̀ fún 5600X ni DDR4-3200. 3600 ti jẹ́ overclock láyè ara rẹ̀, XMP ló kàn mú kó dà bí ohun tí ò ju títẹ bọ́tìnì lọ. Tan XMP, má fọwọ́ kan prósẹ́sọ̀ rárá, fi MemTest86 (ètò tó ń yẹ RAM wò) sórí flash USB, kó sáré di ojúmọ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti tó láti dá a lẹ́bi. Bó bá mọ́ tónítóní, a ó pa XMP, a ó wá kọjú sí prósẹ́sọ̀. Ohun méjì lo yí padà lọ́jọ́ kan, òun ló jẹ́ kí ẹ̀rí ojú búlúù dàrú báyìí.

Títí_Ẹ́díìtì
Ẹ dúró ná. Kó fídíò oníbàárà sórí díìsìkì ìta, kí o sì yọ díìsìkì yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà kí o tó dán ohunkóhun wò. RAM tó ń ṣe ségesège kì í pariwo, á kàn kọ ohun tí ò yẹ sínú fáìlì, ìwọ ò ní mọ̀ títí ìyàwó á fi pè pé apá ibi tí òun ti ń jó kò ṣí. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí, ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kọ sfc /scannow, torí Windows fúnra rẹ̀ lè ti fara gbá nínú gbogbo ikú òjijì yẹn.

Bàbá2500K, Leeds
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Láyé i5-2500K, ní 2011, 3.3 GHz ni wọ́n kọ sí i lára, ẹni tó bá sì ní kúlà gidi á gbé e dé 4.5 kó tó jẹun ọ̀sán. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ nígbà náà. Lónìí, wọ́n ti lo àyè yẹn tán kí o tó ṣí páálí. 5600X rẹ ń ti 3.7 gòkè fúnra rẹ̀ dé 4.6. 4.7 lórí gbogbo core tí o ń wá yìí ju ohun tí wọ́n ṣèlérí fún core kan ṣoṣo lọ. Mi ò ní kí o má ṣe é o. Àmọ́ tí core mẹ́fà bá dì mọ́ra sá eré kan náà, èyí tó lọ́ra jù ló ń pinnu ibi tí gbogbo wọn máa dé. Core 2 ni tìrẹ.

Àgbà_Fáànù, Ìbàdàn
Ẹ kò bi ọmọ yìí bí yàrá rẹ̀ ṣe gbóná! Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń wo fídíò wọn, inú yàrá tó wà ní nǹkan bíi 21°C ni wọ́n ti ń dán an wò. Lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Abẹ́òkúta, 35°C ò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ìyàtọ̀ 14 yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló máa gun orí prósẹ́sọ̀. Ẹni tó rí 78 lọ́hùn-ún, wàá rí 92 níbí, 95 sì ni ibi tí 5600X ti máa ń dín eré kù láti gba ara rẹ̀ là. Bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń gbóná sí i ni fóltéèjì tó nílò láti dúró lórí eré kan náà ń ga sí i. Òun ló fi máa ń yege lóru tí á sì kú lọ́sàn-án.

Gbé HWiNFO64 (ètò tó ń fi ooru àti fóltéèjì hàn) sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ, kí ojú rẹ wà lára CPU Tctl/Tdie, ooru prósẹ́sọ̀ nìyẹn. Tó bá ti kọjá 90 kó tó pẹ́, yọ kúlà wò. Mo ti rí èyí tí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo ìdí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi, ẹni tó ni í ti tún Windows kọ títí ó fi sú u. Wo bí thermal paste ṣe tẹ́ pẹ̀lú: tó bá fẹ̀ sí apá kan tó sì gbẹ sí apá kejì, skúrù kò wọlé dọ́gba. Ṣùgbọ́n lórí AM4 (irú ihò tí prósẹ́sọ̀ rẹ jókòó sí), má fa kúlà sókè gán-ín o. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí paste gbóná, pa á, kí o wá máa yí kúlà síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀ títí á fi tú. Tó o bá fagbára jà á, prósẹ́sọ̀ á bá a jáde tòun ti pínnì lábẹ́, a ó sì máa fi abẹ́rẹ́ na pínnì tó tẹ̀.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Mi ò tíì bi ọ́ nípa ìyẹn.

Ọ̀gá_Jọ́ńpà
Ẹ̀gbọ́n Àgbà sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi á fi ti iná kún un. Lórí kí lo ti ń render? Power supply tó ní active PFC (ẹ̀yà tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe), ó ṣeé ṣe kó má bá inverter tí ìgbì iná rẹ̀ ò tẹ́ dáadáa rẹ́, pàápàá nígbà tó bá ń fa ẹrù tó pọ̀, á kàn pa. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tí fíríìjì náà wà lára rẹ̀, fóltéèjì rẹ̀ á máa fò. Ìdánwò rẹ gbogbo, orí iná kan náà ni kí o ti ṣe é. Tí a bá dán ti àná wò lórí inverter, tí a dán ti òní lórí jẹ́nẹ́rétọ̀, kí la fẹ́ fi wéra?

WáyàÀgọ́
Inverter onígbì mímọ́ ni mo ń lò, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ọ̀rá ní ìdí kúlà (mo wò ó!), àmọ́ eruku ti di fáànù iwájú àpótí pa. Mo ti fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, MemTest86 kún fún pupa. Kí n sọ òótọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ra RAM méjèèjì. Ọ̀kan wà nínú páálí, èkejì jẹ́ tokunbo. Orúkọ kan náà àti 3600 kan náà ni wọ́n kọ sí wọn lára, mo rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

ỌmọÒṣogbo
A ti mú olè kan. Orí àpapọ̀ tó wà nínú páálí kan ni wọ́n ti dán XMP wò. Bí o bá kó páálí méjì pọ̀, kò sẹ́ni tó ṣèlérí kankan fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, torí ohun tó wà lábẹ́ irin ìbòrí lè yàtọ̀ pátápátá. Sọ ọ́ kalẹ̀ sí 3200, kí o tún MemTest86 sá. Fún fídíò, ìyàtọ̀ 3200 àti 3600 kò tó ohun tí oníbàárà máa mọ̀.

Bàbá2500K
Tàbí kó fi díẹ̀ kún fóltéèjì SoC (apá prósẹ́sọ̀ tó ń bá RAM sọ̀rọ̀), kó dúró lórí 3600.

ỌmọÒṣogbo
Bàbá, ẹni tó ní iṣẹ́ oníbàárà lọ́wọ́? Kó ṣe ìyẹn lẹ́yìn ọdún.

Bàbá2500K
Mo gbà. Ṣùgbọ́n kó má gbé LLC (ohun inú BIOS tí kì í jẹ́ kí fóltéèjì rọ̀ lábẹ́ iṣẹ́) sí ipele tó ga jù nígbà tó bá padà sórí prósẹ́sọ̀ o. Mo rí i tí wọ́n ń gba ara wọn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ káàkiri. Fóltéèjì yẹ kó rọ̀ díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Tó o bá sé ìyẹn mọ́ pátápátá, ní ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, fóltéèjì á fò kọjá ohun tí o kọ, HWiNFO ò sì ní yára tó láti fi hàn ọ́. Àárín ni kó wà.

WáyàÀgọ́
3200 mọ́ tónítóní títí di òwúrọ̀! Ó wá ku prósẹ́sọ̀. Ṣé 4.7 ò ṣeé ṣe mọ́ ni?

ỌmọÒṣogbo
Gbàgbé eré kan fún gbogbo core. Tó o bá kan gbogbo rẹ̀ mọ́ 4.7, tí core 2 ò gbà, o ní láti fún gbogbo wọn ní fóltéèjì tí òun nìkan nílò, ooru á sì gbà ẹ́. PBO (Precision Boost Overdrive, tó ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ gbé eré ara rẹ̀ ga) pẹ̀lú Curve Optimizer (tó ń tún fóltéèjì core kọ̀ọ̀kan ṣe) ló bá Ryzen 5000 mu. Nínú BIOS, wá AMD Overclocking, wọ Precision Boost Overdrive, yan Advanced, wá Curve Optimizer. Yan Negative, fi 10 bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo core. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan dín fóltéèjì kù ní nǹkan bíi 3 sí 5 mV. Bí fóltéèjì ṣe dín, ooru á dín, prósẹ́sọ̀ á sì fi àyè tó rí gun òkè fúnra rẹ̀. PPT rẹ (òpin iná tí prósẹ́sọ̀ lè fà) láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 76W. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí o fi rí bí kúlà ṣe ń ṣe lọ́sàn-án.

Ibi tó ti ń já àwọn èèyàn jẹ rèé: Curve tó pọ̀ jù kì í sábà kú lábẹ́ iṣẹ́ líle. Nígbà tí o ò ṣe nǹkan kan ló máa ń kú, tí o kàn ń ka WhatsApp lórí browser, tí core kan ṣoṣo fò dé 4.6 tí fóltéèjì ò tẹ̀lé e. Lábẹ́ Cinebench, gbogbo core jọ ń sáré, kò sí èyí tó dé òkè yẹn, nítorí náà Cinebench á máa sọ fún ọ pé àlàáfíà ni. CoreCycler ni kí o lò. Ó ń mú core kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, á fún un níṣẹ́, á sì sọ èyí tó ṣubú. Fi sílẹ̀ kó sáré di ilẹ̀ mọ́. Core tó bá ṣubú nìkan ni kí o dín tirẹ̀ kù, má fọwọ́ kan ìyókù.

WáyàÀgọ́
Mo ti padà dé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 10, mo gbé e dé 15. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, core 2 ló kọ́kọ́ ṣubú nínú CoreCycler. Mo dín tirẹ̀ sí 5, ìyókù wà lórí 15. RAM wà lórí 3200. WHEA-Logger kankan ò yọ láti ìgbà náà, mo sì ti render lọ́sàn-án gangan tí oòrùn ń ta. HWiNFO ò kọjá 81°C. Eré rẹ̀ ga ju ti default lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo fáànù tó lọ sílẹ̀ ni mo gbádùn jù. Mo ti gbé fídíò fún oníbàárà.

Àgbà_Fáànù
O ṣeun tí o padà wá sọ fún wa. Ọ̀pọ̀ ni kì í wá mọ́ tí tiwọn bá ti tan. Ya àwòrán ojú ewé Curve Optimizer yẹn sórí fóònù. Lọ́jọ́ tí bátìrì CR2032 bá rẹ̀, tàbí tí o bá flash BIOS (tí o kọ ẹ̀dà tuntun sí i), gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́.

KékeréOníPC, Ìlọrin
Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Ryzen 5 5600 lèmi ní, tí kò ní X, lórí bọ́ọ̀dù A520. Mo wá inú BIOS títí, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń yí multiplier (nọ́ńbà tó ń pinnu eré prósẹ́sọ̀). Ṣé kí n flash BIOS tuntun ni?

Ọ̀gá_Jọ́ńpà
Má flash nǹkan kan, àbúrò. AMD ò fún A520 láyè láti overclock prósẹ́sọ̀, B550 àti X570 ló gbà á. RAM lo lè ṣe lórí tìrẹ, ìyẹn náà sì wà lábẹ́ ohun tí ỌmọÒṣogbo sọ nípa páálí kan. Tí ìdí mìíràn bá sì mú ọ flash lọ́jọ́ kan, rí i pé inverter rẹ kún, torí bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, bọ́ọ̀dù tí kò ní bọ́tìnì Flashback (tí a fi ń dá BIOS padà) lẹ́yìn ò ní tan mọ́ láìjẹ́ pé a tún chip BIOS rẹ̀ kọ.